Lẹ́tà Tí Dókítà Ojú-Àánú Kò Fẹ́ Kọ

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu Télọ̀ nígbà tí ojú òun àti ti Dókítà kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Ká ní ẹnu rẹ̀ ṣófo ni, bóyá ìbá rẹ́rìn-ín, bóyá ìbá kí i káàárọ̀, ta ló mọ̀? Ṣùgbọ́n orí àpótí ló dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìwòsàn, ó ń gbé kọ́tìnì tuntun tó rán kọ́, ó sì fi ètè di abẹ́rẹ́ mú bí ológbò tó jí ẹja.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló tú jáde. Láti ìgbà tí dókítà àgbà ti fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn náà kò níṣẹ́ méjì: wọ́n á wò ó bóyá ara rẹ gbóná, wọ́n á ní kí o lọ sinmi. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé dókítà tuntun ń bọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn sáré wá, ẹni tí etí rẹ̀ di ló kọ́kọ́ gbọ́. Ìránṣẹ́ kò tíì ṣí ilẹ̀kùn tán tí èrò fi ya wọlé bí omi tó wó ògiri. Àpótí abẹ́ Télọ̀ mì. Ó gbójú sókè kó lè rí ohun tí yóò dì mú, ó sì rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, àpò aláwọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kó wọlé.

"Ẹ padà sẹ́yìn!" ni ìyá arúgbó kan ń jágbe mọ́ ọn. "Ta ni kò fẹ́ rí dókítà? Àbí ẹ̀yin nìkan lara ń ro?"

Ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Ó kàn gbé ojú kúrò lára èrò, ó wo òkè, ó sì rí ọmọbìnrin tí kọ́tìnì bò léjìká. Ojú náà rọ̀. Ojú náà tutù. Ó dà bíi pé gbogbo ariwo ilé náà bọ́ sílẹ̀, ó ku àwọn méjèèjì. Télọ̀ gbàgbé pé orí àpótí lòun wà. Àpótí náà gbàgbé òun náà.

Ara Nọ́ọ̀sì Àgbà ló já lé. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tó fún nọ́ọ̀sì náà ní ara tó gba àlejò.

"Ọmọ yìí! Tu abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ kó o tó gbé e mì! Má sì fa kọ́tìnì ìjọba ya!"

Ẹ má tíì bá Télọ̀ wí. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níbi tí àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó àkísà sí, ìwé ìtàn ìfẹ́ ló kún ibẹ̀: àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ̀yìn wọn ti já, tí àwọn olólùfẹ́ inú wọn kì í fọ abọ́, tí wọn kì í ní gbèsè ilé, àfi kí wọ́n máa wo ojú ara wọn. Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyẹn, ọkùnrin tí ojú rẹ bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀ láàárín èrò, ọkọ rẹ nìyẹn. Ìyókù ò ju kí èèyàn máa ṣí ewé lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, fi sọ ọ́ ní Ìyá Ìfẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, òun ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, òun náà ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Bí Télọ̀ bá ní ẹnì kan láyé, òun ni.

"Ìyá Ìfẹ́, wọ́n ní o já lulẹ̀ nítorí ọkùnrin."

"Mi ò já lulẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ara Nọ́ọ̀sì Àgbà ni mo já lé."

"Ìyẹn ló wá burú jù. Ìfẹ́ tó fẹ́ pa nọ́ọ̀sì!"

Kò pẹ́ sígbà náà ni Dókítà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, tó kọjú sí ilé ìwòsàn ní òdì kejì títì. Kóòtù funfun tí wọ́n fún un fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè gbé inú rẹ̀ láìrí ara wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n rán òmíràn tó bá òun mu. Télọ̀ mú tépù. Ó wọn èjìká, ó wọn apá. Nígbà tó fi tépù yí àyà rẹ̀ ká, ó ka iye rẹ̀, ó gbàgbé. Ó tún kà á, ó tún gbàgbé.

"Ṣé àyà mi kò níye ni?" ni Dókítà bi í.

"Ó níye, sà. Kì í dúró sójú kan ni, sà."

"Ẹ má pè mí ní sà mọ́. Èmi náà kò mọ ohun tó ń ṣe é tí kò fi dúró sójú kan."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin! Télọ̀ kò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló sì ń sọdá títì lọ kí i. Ẹni tó bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù kò ní ìròyìn míì ju ti dókítà tuntun lọ. Wọ́n ní ó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bá àwọn ọmọdé tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ egbò àwọn arúgbó. Àwọn obìnrin bá sọ ọ́ ní Ojú-Àánú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Nígbà tí Télọ̀ gé kóòtù náà, ó ṣe àṣìṣe kan tó jẹ́ pé télọ̀ nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ó tẹ́ bébà ìwọ̀n apá aṣọ lélẹ̀, ó gé ẹyọ kan. Ó yẹ kó yí bébà náà padà kó tó gé èkejì, ṣùgbọ́n níbi tí ọkàn rẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó ń yí bébà níbẹ̀. Ìgbà tó rán an tán ló rí i pé apá òsì méjì lòun rán fún ọkùnrin. Ó dúró, ó ń wo aṣọ, aṣọ ń wo òun náà. Ibi tó ti ń rò ó bóyá kóun sọkún tàbí kóun rẹ́rìn-ín ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé.

Ilé ìwòsàn ni Ẹ̀gbọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé e débẹ̀ kò fara sin fún Télọ̀. Àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ bí, wọ́n dé wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ lé wọn, òun ló kó wàhálà wá: ẹsẹ̀ ìyá wú, ó di ẹni tó ń sùn ní ìjókòó, èémí kò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ ti rọ, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ. Kí dókítà àgbà tó fẹ̀yìn tì, ó kìlọ̀ fún un kedere: "Ìyá Ìbejì, bó o bá tún lóyún, mi ò lè ṣèlérí pé wàá rí ojú ọmọ náà." Ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ti wà lórí omi láti ìgbà náà. Ní báyìí, ọkọ̀ rẹ̀ ti kọjú sílé.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, ó tú gèlè, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fún yín?" ni Télọ̀ bi í.

"Àdúrà."

"Ẹ̀n?"

"Àdúrà ni Ojú-Àánú fún mi. Ó ní ẹ̀sìn òun kò gba òun láyè láti dènà oyún. Oníhóró o, alábẹ́rẹ́ o, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá o, kò sí èyí tí òun lè fún mi. Ó ní kí èmi àti Bàbá Ìbejì máa ṣọ́ra."

"Ẹ ò sọ fún un pé ọkàn yín ń ṣàìsàn ni?"

"Òun ló sọ fún mi! Ó fi nǹkan tí wọ́n ń kì bọ etí yẹn gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ bá fà ro. Ìyá Ìfẹ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọkùnrin náà. Èmi tí mi ò lè mí dáadáa, èmi ni mo tún ń bá a sọ pé kó mọ́kàn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.

"Kó yáa kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá."

"Ṣé o rò pé mi ò bẹ̀ ẹ́? Ó ní ẹni tó júwe ọ̀nà fún èèyàn ti bá a rin ìrìn náà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àdììtú nìyí. Ilé ìwòsàn ńlá kì í gba ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, àfi bó bá mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ dókítà àdúgbò rẹ̀. Àdúgbò wọn kò sì ní ju dókítà kan lọ. Ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn kò jẹ́ tà á fún alárùn ọkàn láìrí ìwé dókítà.

"Rọ́bà tí wọ́n ń tà ńkọ́?" ni Télọ̀ bi í, ojú tì í díẹ̀.

"Rọ́bà la lò tí àbíkẹ́yìn mi fi dé. Tí o bá rí i tó ń fò káàkiri ilé, rọ́bà ló ń fò yẹn." Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà ní ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Mo ṣe lákáǹlàkà dé ọ̀dọ̀ alábẹ, alábẹ ní ẹ̀gún náà wu Ọlọ́run." Ó rí aṣọ tó wà lórí tábìlì. "Ta ló ni kóòtù yìí? Àbí ọwọ́ òsì nìkan ni Ọlọ́run fún un?"

Télọ̀ fi aṣọ sílẹ̀, ó sọdá títì, ó lọ bá Nọ́ọ̀sì Àgbà. Nọ́ọ̀sì fà á wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó oògùn sí, ó tọ́ka sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ó kún fọ́fọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló wà lọ́rùn mi yìí. Ṣùgbọ́n bí Dókítà ò bá fọwọ́ sí i, tí mo bá fún ẹnikẹ́ni, mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ tilẹ̀ yàtọ̀. Òmíràn nínú wọn lè tún dá kún àìsàn ọkàn. Ilé ìwòsàn ńlá ló mọ èyí tó bá a mu."

"Mà, ṣé èèyàn burúkú ni?"

"Ká ní èèyàn burúkú ni, ọmọ mi, ìbá rọrùn fún mi. Mo mọ èèyàn burúkú í bú."

Nígbà tí Dókítà wá mú kóòtù rẹ̀, Télọ̀ ti pinnu pé òun kò ní rẹ́rìn-ín sí i. Dókítà wọ kóòtù náà, apá ọ̀tún ṣẹ́ sẹ́yìn bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń lé. Ó wo apá náà, ó wo Télọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí mi?"

"Ẹ bọ́ ọ, màá tún un ṣe," ni Télọ̀ wí. Kò gbójú sókè. "Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Dókítà. Ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a, ó tún un ká.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Ká ní mo mọ̀ pàápàá, ohun kan náà ni ǹ bá sọ."

"Ẹ gbọ́ ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú etí yín."

"Mo gbọ́ ọ. Mo ṣì ń gbọ́ ọ." Ó jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Kí wọ́n tó lóyún mi, dókítà kan sọ fún ìyá mi pé kò gbọdọ̀ bímọ mọ́. Ó ní ikú ni. Ó ní kí wọ́n wá gba oògùn. Ìyá mi ní ẹ̀sìn òun kò gbà á. Èmi ni wọ́n bí. Èmi ni ọmọ tí dókítà ní kí wọ́n má bí. Nígbàkigbà tí obìnrin bá jókòó níwájú mi tó ní òun ń fẹ́ oògùn yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni wọ́n ní kí n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Ká ní ẹnì kan kọ lẹ́tà fún ìyá mi, ta lẹ̀ bá máa wọ̀n?"

Télọ̀ wo ọkùnrin náà, ó rí i pé kò purọ́, kò ṣe fújà. Bó bá ní kí òun bínú, àánú á yọ. Bí àánú bá yọ, yóò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sùn ní ìjókòó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó gbé ìtàn náà délé fún Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, ó ń pa ìtẹ́dìí ọmọ dà.

"Ìtàn dára. Ìyá rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Báwo?"

"Ó sọ tara ẹ̀ tán. Ìyá tí wọ́n ní yóò kú, kí ló ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ náà yé Télọ̀ lójijì bí ìgbà tí wọ́n tan iná. Dájúdájú, ìyá náà ti kú! Nínú àwọn ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí: ọkùnrin tó ń gbé òkú ìyá rẹ̀ kiri nínú ọkàn, tó jẹ́ pé ìfẹ́ obìnrin kan ni yóò mú kó sọ ọ́, kó sunkún, kó sì yí padà. Òun ni obìnrin náà. Kò ku nǹkan kan ju kóun bi í lọ.

Ṣùgbọ́n kó tó bi í, Ẹ̀gbọ́n ṣubú.

Ọ̀sán gangan ni, nílé búrẹ́dì. Wọ́n ní ó ń gbé pákó búrẹ́dì gbígbóná láti ìdí ààrò lọ sí iwájú, ó dúró, ó ní "Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi," kí wọ́n tó gbà á, òun àti búrẹ́dì ti wà nílẹ̀. Nígbà tí Télọ̀ sáré débẹ̀, Dókítà ti ṣáájú rẹ̀. Kò dúró de ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé obìnrin náà sẹ́yìn òun, ó pọ̀n ọ́n bí ẹní pọn ọmọ, ó ń rìn kíákíá láàárín títì, tí ìyẹ̀fun funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà: "Ẹ mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún mí. Ẹ ṣeun. Ẹ tún mí."

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí oyún, kò sí ikú. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún ọkàn tó ti rọ. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń fa omi kúrò lára, ó jókòó tì í títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Télọ̀ dúró lẹ́yìn kọ́tìnì tí òun fúnra rẹ̀ rán, ó ń yọjú wò wọ́n. Ó rí ọwọ́ ọkùnrin náà tó ń rọra nu ìyẹ̀fun kúrò níwájú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ yìí kan náà ni kò fẹ́ mú gègé. Ó wò ó títí, kò rí ibi tí ọwọ́ kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n sùn, Dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Mo ti ń wá ọjọ́ tí màá sọ ọ́," ni ó wí, "òní kọ́ ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti kún mi lẹ́nu. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Láti ọjọ́ àpótí yẹn ni. Mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí Télọ̀ ti ń dúró dè láti ìgbà tó ti mọ ìwé kà! Nínú ìwé, ẹsẹ̀ obìnrin máa ń rọ ni. Ẹsẹ̀ Télọ̀ kò rọ. Ìbéèrè ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá yín, ṣé ibi tí wọ́n ti bí yín ni wọ́n kú sí?"

Dókítà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ìyá mi? Ìyá mi wà láyé. Ara wọn le koko. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní mi kì í jẹun."

Télọ̀ yọ̀ pé ìyá náà yè, ó tún dùn ún pé ó yè, ojú wá tì í pé ó dùn ún. Irú ọkàn wo ni òun ní yìí?

"Ìyá yín yè é," ni ó sọ nígbẹ̀yìn. "Ṣé nítorí pé àwọn yè é, ẹ̀gbọ́n mi náà á yè é?"

"Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀."

"Ẹ kọ lẹ́tà náà. Ẹ kọ ọ́, màá fẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́ lónìí."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde ló fẹ́ fà á padà, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́. Ojú Dókítà yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ìdí nìyẹn tí o fi ń rẹ́rìn-ín sí mi?"

"Rárá o!"

"Àwọn ìgbà tí o ń sọdá títì wá kí mi, ṣé lẹ́tà lo wá gbà?"

Òótọ́ ni pé Télọ̀ nífẹ̀ẹ́ Dókítà kí Ẹ̀gbọ́n tó lọ rí i. Òótọ́ sì ni pé láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tó rí i tí kò ronú lẹ́tà. Èwo ló kọ́kọ́ ń dé sọ́kàn rẹ̀? Kò mọ̀. Àwọn ìwé abẹ́ ẹ̀rọ kò kọ ọ́ pé èèyàn lè má mọ̀.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ.

"Èmi náà kò mọ̀," ni Dókítà dáhùn. "Bí mo bá kọ ọ́ nítorí rẹ, mo ti ta ohun tí mo gbà gbọ́. Bí mi ò bá kọ ọ́…" Ó wọlé lọ.

Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí. Télọ̀ á wo fèrèsé ilé ìwòsàn láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, kọ́tìnì á mì, ọkàn rẹ̀ á mì tẹ̀ lé e. Ó gbé ìwé ìfẹ́ kan, ó ka ojú ewé kan léraléra, kò mọ ẹni tó ń fẹ́ ta ni. Ó rán bọ́tìnnì aṣọ ìyàwó ẹnì kan sódì. Ní ọjọ́ kan, ó pinnu pé òun kórìíra Dókítà; kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń bá obìnrin kan jà nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa.

"Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n," ni ó ń sọ fún obìnrin náà.

"Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá Ìbejì pè lórí fóònù: ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ọ̀la lòun ń wọlé. Inú ilé Ẹ̀gbọ́n yí padà. Àwọn ìbejì ń jó. Ẹ̀gbọ́n ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì, torí ilé búrẹ́dì kò tíì gbà á padà, ó ní kọ́wọ́ òun má baà gbàgbé iṣẹ́. Ó ń pò ó díẹ̀, á sinmi, á tún pò ó. Télọ̀ jókòó tì í, ó ń dín ṣòkòtò àwọn ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá ní kó lọ sùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, kó máa ka ìwé ìfẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ níbẹ̀. "Àbúrò mi, ọkọ mi ni. Mo ń retí rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ti orí omi dé, tí o fẹ́ràn rẹ̀, ṣé ẹ̀rù ló yẹ kó máa bà ẹ́? Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyẹn ni mi ò lè dárí jì."

"Dárí ji ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo wá ẹni náà títí, mi ò rí i."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Dókítà ni. Kò wọ kóòtù, kò gbé àpò. Ojú rẹ̀ ti jìn bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Lẹ́tà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú àpò ìwé funfun, tí ìka rẹ̀ ti sọ eteetí rẹ̀ di wúruwùru.

Télọ̀ dìde, ṣòkòtò ọmọ já bọ́ lórí itan rẹ̀. Ó na ọwọ́.

Dókítà wo ọwọ́ náà. Ojú wọn tún ṣe mẹ́rin, kò sí èrò láàárín wọn lọ́tẹ̀ yìí, síbẹ̀ ó dà bíi pé ó jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Jọ̀ọ́," ni ó wí, "má bínú. Bí mo bá fi lé ọ lọ́wọ́, láéláé ni mi ò ní mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ bá Ẹ̀gbọ́n nídìí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo gbà gbọ́ kò yí padà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kọ bí ọkàn yín ṣe rí, mo kọ ohun tí ẹ ń fẹ́, mo sì kọ ọ́ pé èmi kò fọwọ́ sí i."

"Ṣé wọ́n á dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n á dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọkàn yín ni mo fi ṣáájú."

"Kí ló wá dé tí ẹ kọ ọ́, Dókítà?"

Àwọn ìbejì ti dá ijó dúró, wọ́n ń wo ẹnu Dókítà.

"Nígbà tí mo pọ̀n yín, èémí yín wà létí mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, òun ni mò ń gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀, àbí Èṣù ló ń fi dí mi létí. Mo ti bi Í. Kò tíì sọ fún mi. Ọkọ yín sì ń bọ̀ lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n kò sọ pé ó ṣeun, kò sì sọ pé kò ṣeun. Ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ọ̀tún, òsì, láìkánjú, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún. Ó di eteetí lẹ́tà náà mú. Dókítà ṣì dì í mú ní etí kejì. Télọ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ tó nà lẹ́ẹ̀kan kò tíì mọ ibi tí yóò padà sí.

"Dókítà," ni Ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́, "ẹ ò tíì fi sílẹ̀."

Ó sì fi í sílẹ̀.